Ọdún Mẹ́fà Tí Wọ́n Gé Kúrò Lára Ọjọ́ Orí Mi

Marisel ni orúkọ obìnrin tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí nílùú òyìnbó. Ará Fílípíìnì ni. Mo dárúkọ rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ ara mi, torí bí mi ò bá mú un kúrò nílẹ̀, mi ò ní lè sọ ìyókù. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Thamesmead West, nínú ilé ìkẹ́rùsí tí a sọ di ṣọ́ọ̀ṣì, ló ní kí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì kọ ìtàn iṣẹ́ wa, kí wọ́n lè fi yan iṣẹ́ tiwọn. Mummy tó kọ tirẹ̀ ṣáájú mi dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Èmi ò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn.

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí. Ìwé mi sọ pé ọdún méjìléláàádọ́rin. Ẹ fi méjèèjì sọ́kàn, nítorí àárín wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà.

Alágbàfọ̀ ni mí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi fọ aṣọ àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan ní Woolwich. Kí n tó dé ibẹ̀, olùkọ́ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo ti na àwọn tó ń jẹ́ ọ̀gá lónìí nítorí pé wọn ò mọ àmì ohùn. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn. Obìnrin kan tí a jọ ń gbé àjà kan náà sọ fún mi pé wọ́n ń wá ènìyàn, mo lọ lọ́jọ́ Ajé, mo bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó tán.

Àwa méjì péré la wà níbi ìfọṣọ. Marisel ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀ ṣáájú mi, òun ni yóò kọ́ mi. Obìnrin kúkúrú ni, apá rẹ̀ le bí igi obì. Kò tíì béèrè orúkọ mi tó fi béèrè pé:

"Ọdún wo ni wọ́n bí ọ?"

Ibí yìí ni kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti fara balẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n ní ọjọ́ orí mi ti kọjá èyí tí wọ́n ń gbà. Bọ̀dá Wálé, àbúrò bàbá mi, mú mi lọ sí kóòtù, ó sì búra pé òun wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi. Ó gé ọdún mẹ́fà kúrò bí ẹni gé èékánná. Akọ̀wé kóòtù kò tilẹ̀ gbójú sókè wò mí. Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ orí tí Bọ̀dá Wálé bí fún mi ló wà nínú ìwé ẹ̀rí mi, òun ló wà nínú pásípọ́ọ̀tì, òun ni mo fi gba fíísà. Èmi nìkan kọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá bi àwọn Mummy àti Daddy yín léèrè nílé, kí ẹ máa wo ojú wọn.

Mo sọ ọdún tó wà nínú ìwé fún Marisel. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí lọ́jọ́ yẹn. Ìwé ní ogójì. Ó ṣírò, ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ lu àyà.

"Mo ti pé méjìlélógójì. Èmi ni ẹ̀gbọ́n. Áté ni kó o máa pè mí."

Áté ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lédè wọn. Wọn kì í pe ẹni tó jù wọ́n lórúkọ, bí àwa náà kì í ṣe é. Ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́rin jù ló dúró níwájú mi tó ń sọ fún mi pé kí n máa pe òun ní àǹtí. Mo la ẹnu. Mo rántí pásípọ́ọ̀tì tó wà nínú báàgì mi, mo pa á dé.

"Ó dáa, Áté."

"O káre. Nílùú wa, tí àgbà àti ọmọdé bá jọ wà, ọmọdé ló ń gbé ẹrù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni tiyín?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Bẹ́ẹ̀ ni tiwa.

Ìsàlẹ̀ ilé ni àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ wà. Yàrá tí a ti ń gbẹ aṣọ tí a sì ti ń lọ̀ ọ́ wà lókè lẹ́yìn ilé. Ọ̀nà kọnkéré kan tó ga gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló so méjèèjì pọ̀, orí rẹ̀ ni a ti ń ti kẹ̀kẹ́ onírin tó kún fún aṣọ tútù gòkè, ìgbà mẹ́jọ lójúmọ́, nínú òjò àti nínú yìnyín. Aṣọ gbígbẹ kò wúwo. Aṣọ tútù dà bí òkú ènìyàn. Èmi ọmọdé ni mo ń tì í. Àgbà dúró lókè, ó ń ká aṣọ.

Ẹ má rò pé kò mọ iṣẹ́. Ó mọ̀ ọ́n dójú àmì, ó sì le bí ojú ẹja. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù fún oṣù méjì. Ó ní kí n kọ́kọ́ mọ aṣọ. N óò dijú, yóò fi aṣọ sí mi lọ́wọ́, n óò sọ bóyá òwú ni, bóyá irun àgùntàn ni, bóyá ọ̀rá ni. Tí mo bá ṣì í, yóò dá a padà sínú agbọ̀n, á ní "Tún un ṣe." Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ ibùsùn, bí igun méjì kò bá bára wọn mu, á mú un létí, á gbọ̀n ọ́n tú sílẹ̀. "Tún un ṣe." Lọ́jọ́ kan mo ká aṣọ kan ṣoṣo nígbà mọ́kànlá. Èmi tí mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ ọmọ!

Òun náà ló kọ́ mi láti rán orúkọ arúgbó kọ̀ọ̀kan mọ́ ọrùn aṣọ rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́, kí òwú rẹ̀ má ṣe yọ sí inú. "Ara wọn ti fẹ́lẹ́," ó wí. "Ohun tí kò lè ha ọ́ lè bó wọn." Lóòótọ́, awọ ọrùn arúgbó dà bí awẹ́ ọsàn tí a ti bó. Kò sí aṣọ tí mo rán tó bó ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Mo kọ èyí sílẹ̀ kí ẹ má baà sọ pé ìbínú kò jẹ́ kí n rí ohun rere.

Mi ò sì ní purọ́, a gbádùn. Obìnrin náà kì í jókòó sójú kan, èmi náà kì í lè jókòó sójú kan. Bóyá ohun tó so wá pọ̀ nìyẹn. Tó bá di ìsinmi ọ̀sán, a ó sáré lọ wọ ọkọ̀ ojú omi Woolwich tó ń gbé ènìyàn kọjá odò lọ́fẹ̀ẹ́. A ó tú ìrẹsì àti ẹja díndín tó gbé wá, a ó fi ọwọ́ jẹ ẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ẹni tí kì í ṣe ará ilé tó fi ọwọ́ jẹun láìtijú nìyẹn. Òfin wọn ni pé tí ọkọ̀ bá dé òdìkejì, gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. A ó sọ̀ kalẹ̀, a ó sáré yí irin po, a ó tún wọlé pẹ̀lú ìrẹsì lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan máa ń pariwo pé, "Ẹ̀yin méjì yìí, níbo gan-an lẹ̀ ń lọ?" Marisel á ní, "Iṣẹ́ ni!"

Nínú ilé rẹ̀ lẹ́bàá Yarnton Way, àpótí páálí ńlá kan máa ń wà láàárín pálọ̀. Oṣù mẹ́ta, mẹ́rin ló fi ń kún un: ọṣẹ, bàtà, ẹran inú agolo, ṣokoléètì, táwẹ́lì, oògùn ìkunra fún orúnkún ìyá rẹ̀. Ọkọ̀ òkun ni yóò gbé e lọ sí erékùṣù wọn. Tó bá kún jù, á pè mí. "Wá jókòó lé e, ìwọ lo nídìí." N óò jókòó, á máa fi tépù onígọ́ọ̀mù dì í yí mi ká, àwa méjèèjì á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú wa.

Ó tẹ̀ lé mi wá ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan. A ṣìnà láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí, a rí ènìyàn tó tò, a tò sẹ́yìn wọn. Mo rò pé ìjọ kan ń pín oúnjẹ ni. A dúró fún ogún ìṣẹ́jú kí ọkùnrin kan tó bi wá léèrè pé ẹlẹ́wọ̀n wo la fẹ́ rí. Ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n la wà. Marisel ní, "Sọ orúkọ ẹnikẹ́ni, a ti dúró pẹ́ jù."

Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rín bá tán, ẹrù aṣọ tútù wà nílẹ̀. Tí mo bá pe Áté lẹ́ẹ̀kan, ọkàn mi á sọ pé, "Ọmọdé." Mo pé àádọ́ta ọdún ní tòótọ́, èmi nìkan ló mọ̀, mo ra kéèkì kékeré kan, mo jẹ ẹ́ lórí bọ́ọ̀sì. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà tí ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ní mo pé àádọ́ta, Marisel se nudù gígùn fún mi. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e, torí gígùn rẹ̀ ni gígùn ẹ̀mí. Mo fa nudù náà sẹ́nu láìgé e, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, mo sì dúpẹ́.

Nígbà tí mo pé ọgọ́ta, apá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí mo bá jí láàárọ̀, ìka mi á dà bí ti ẹlòmíràn. Mo sọ fún un.

"Áté, apá ń ro mí. Ẹ jẹ́ ká jọ máa ti kẹ̀kẹ́ yìí."

"Ní ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta? Èmi tí mo jù ọ́ kò tíì sọ pé ibì kan ń ro mí."

"Ara kò rí bákan náà."

"Ọ̀lẹ ni kò rí bákan náà. Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ…"

Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. A jà, ọ̀rọ̀ burúkú jáde lẹ́nu mi, àwọn olùtọ́jú gbọ́ ọ láti òkè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìjà náà ni ó ṣẹlẹ̀. Marisel ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọdún mẹ́sàn-án ni kò ti fojú rí ìyá rẹ̀, ìyá náà sì ń ṣàìsàn; Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ló máa wọ bàálù. Ayọ̀ rẹ̀ pọ̀ débi pé ó gbàgbé pé a ń jà. Ó ń bọ̀ lẹ́yìn mi lórí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ó kó ìkọ́ aṣọ lọ́wọ́, ó ń ka ohun tí yóò rà kó tó lọ. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ló kún inú kẹ̀kẹ́, òjò sì ti rọ̀. Nígbà tí mo dé ìdajì, mi ò gbúròó ọwọ́ mi mọ́. Mi ò ní ìrora o. Mi ò ní ọwọ́. Kẹ̀kẹ́ dúró díẹ̀ bí ẹni ń ronú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Mo kígbe, mo yà bàrá. Bí òun náà bá yà, ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n alágbàfọ̀ ni. Kò fẹ́ kí bùláńkẹ́ẹ̀tì dà sínú ẹrẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ láti fi dá a dúró.

Ẹsẹ̀ náà ṣẹ́ sí ọ̀nà méjì.

Ọ̀gá wa, obìnrin òyìnbó kan tí kì í pariwo, pè mí sí ọ́fíìsì. Fáìlì mi wà níwájú rẹ̀. "Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta," ó kà á, "ara rẹ sì le. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ìdáhùn wà lọ́fun mi. Kí n kàn ní ẹni ọgọ́ta ọdún ni mí, agbára mi ti tán. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́, ìwé mi di irọ́, fíísà di irọ́, wọ́n á sì fi mí sínú bàálù padà sílé.

"Ó bọ́ lọ́wọ́ mi, Madam."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìbìkítà ni, wọ́n fún mi ní ìwé ìkìlọ̀.

Ìyá Marisel kú nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ṣì wà nínú símẹ́ǹtì tí wọ́n fi di egungun. Mo gbé ìrẹsì àti ẹja díndín lọ bá Marisel ní ilé ìwòsàn. Ó kọ ojú sí ògiri. Lẹ́yìn náà ló wá ṣe ohun tí mo torí rẹ̀ kọ ìwé yìí: ó sọ fún gbogbo ará ilé wọn, ó sọ fún gbogbo Yorùbá tó mọ̀ ní Woolwich títí dé Abbey Wood pé mo mọ̀ọ́mọ̀ jọ̀wọ́ kẹ̀kẹ́ ni. "Ó mọ̀ pé màmá mi ń kú. Ó yà fún un kó lè bà mí." Ọ̀rọ̀ náà wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìyá kan tí a jọ máa ń jókòó gbé àga rẹ̀ sún síwájú. Wọ́n pè mí ní apànìyàn láìsí ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀. Kò sì sí ohun tí mo lè fi gbèjà ara mi àfi ọjọ́ orí mi, òun gan-an ni mi ò lè mú jáde.

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń tiro. Ọdún mẹ́wàá la tún fi ṣiṣẹ́ pọ̀, ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wa kò ju "bẹ́ẹ̀ ni", "rárá" àti "ọṣẹ ti tán". Ọdún kejì ìjàǹbá náà ni wọ́n ra kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tó ń gòkè fúnra rẹ̀. Ìka kan ni a fi ń tì í. Mo wò ó, mo fẹ́ gbá a ní ìpá. Wọn kò rán orúkọ mọ́ aṣọ mọ́. Wọ́n ń fi iná lẹ bébà rọ́bà kan mọ́ ọn, nígbà tó yá ó di ìlà dúdú wẹ́wẹ́ tí ẹ̀rọ ń kà. Abẹ́rẹ́ mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí Marisel fẹ̀yìn tì, wọ́n gé kéèkì fún un. Wọ́n fún mi jẹ, mi ò jẹ.

Èmi tún lo ọdún méjì sí i. Ọjọ́ tí ìjọba òyìnbó kọ̀wé pé mo ti pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, kí n máa lọ sinmi, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni mí. Ọdún mẹ́fà tí Bọ̀dá Wálé gé, mo fi ẹsẹ̀ ara mi tún un rìn. Ó ti kú. Wọ́n ní kí n dárí jì í. Mo ń ronú sí i.

Ohun tí mo ní fún ẹ̀yin tó ń yan iṣẹ́ nìyí: kò sí iṣẹ́ tó burú nínú kí a mú nǹkan ìdọ̀tí kí a dá a padà ní mímọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọjọ́ orí yín wọ ibi iṣẹ́ bó ṣe rí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Tèmi bá a lóṣù tó kọjá. Mi ò lè jókòó sílé. Tí mo bá jẹun tán, n óò wọ bọ́ọ̀sì láti Woolwich lọ sí South Thamesmead, n óò sọ̀ kalẹ̀, n óò wọ òmíràn padà, láìsí ibi tí mò ń lọ. Lọ́jọ́ náà, bọ́ọ̀sì kún. Mo di irin mú. Níbùdókọ̀ kan lórí Yarnton Way, ẹnìkan wọlé pẹ̀lú ọ̀pá, ó ń tiro. Irun rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n mo mọ ìtiro yẹn. Ọmọbìnrin Yorùbá kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ olùtọ́jú dìde kúrò lórí àga rẹ̀.

"Mummy, ẹ jókòó," ó wí, kò sì mọ èwo nínú wa ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Èmi ni," Marisel dáhùn. "Èmi ni mo dàgbà. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀." Ó wá yíjú sí mi. "Àbí o fẹ́ gba èyí náà lọ́wọ́ mi?"

Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń gbé ẹjọ́ yìí kiri.

"Marisel," mo ní. Mi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Mo fi ọdún mẹ́rin jù ọ́."

"Irọ́ ni."

"Ìwé ló ń purọ́."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, lórí ìdúró, ní ohùn olùkọ́: Bọ̀dá Wálé, kóòtù, pásípọ́ọ̀tì. Àga ọmọbìnrin olùtọ́jú náà ṣófo láàárín wa. Mo sọ ọdún tí wọ́n bí mi gan-an. Marisel kà á lórí ìka rẹ̀, ó tún un kà.

"Lọ́jọ́ tí kẹ̀kẹ́ bọ́, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Ọgọ́ta. Ọwọ́ mi ti kú. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀."

Ó wo ìta fún ibùdókọ̀ méjì. Mo ń retí kó tọrọ àforíjì. Mo ti ń retí rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, mo tilẹ̀ ti ń ronú ohun tí n óò fi dá a lóhùn. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó dì mí mú ní ìgbọ̀nwọ́, apá rẹ̀ ṣì le, ó sì fi mí jókòó sórí àga náà. Òun dúró lórí ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ yẹn, ó di irin mú. Òyìnbó la máa ń sọ síra wa, òyìnbó kò sì ní "ẹ"; ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ́, mi ò lè kọ ọ́ lọ́nà mìíràn.

"Áté," ó ní, "ẹrù mi ni ẹ gbé ní gbogbo ọdún yẹn. Apá mi le nígbà náà. Kẹ̀kẹ́ náà kì bá tí bọ́ lọ́wọ́ mi. Ká ní ẹ sọ fún mi ni, ǹ bá rí màmá mi."